Ẹ MÁ FI OWÓ ÈÉSÚ RA KÁMẸ́RÀ MÍLÍỌ̀NÙ MÉJÌ

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kétu, Pọ́bẹ̀, Sàkẹ́tẹ́, Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti níbi gbogbo tí ọmọ Oòduà wà ní ìhà méjèèjì ààlà, ọ̀rọ̀ mi lónìí lè gún àwọn kan lára, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bínú sí mi.

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn onífọ́tò wa: "Kámẹ́rà onídígí ti kú. Ẹni tí kò bá ní tuntun, kó lọ jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà. Kí wọ́n tó gba onífọ́tò sí iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kámẹ́rà wo ló ń lò. Wọn kì í sọ pé, "Mú iṣẹ́ tí o ti ṣe wá ká wò ó." Bí ọmọ náà bá ti dárúkọ kámẹ́rà àtijọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ló bá kó èésú, ló bá yá owó kún un, ó gba Kútọnu tàbí Èkó lọ láti ra kámẹ́rà ńlá.

Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní CM2 tó ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni kámẹ́rà náà lò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó tà á ní ìdajì iye tó rà á, alùpùpù ló sì fi ń gbé èrò báyìí. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ ni. Kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Gbèsè ló bà á jẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ ní gbangba: fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fọ́tò tí à ń ṣe ní ìlú wa, kámẹ́rà àtijọ́ tó wà nílé tó. Ohun tí a ò ní wà níbòmíràn, mo sì fẹ́ fi ìṣirò tọ́ka sí i, torí olùkọ́ ni mí, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ mi.

KÍ NI ÌYÀTỌ̀ WỌN?

Kámẹ́rà onídígí ni èyí tí àwa tó kàwé Faransé ń pè ní reflex, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní DSLR. Dígí kékeré kan dábùú nínú rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú lẹ́ńsì wọlé, dígí á darí rẹ̀ lọ sí ihò tí onífọ́tò ń yọjú sí. Bó bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ẹ ó gbọ́ "ká!", ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sórí pátákó kékeré tó ń gba àwòrán. Nínú èyí tuntun, tí wọ́n ń pè ní mirrorless, wọ́n ti yọ dígí náà kúrò. Pátákó inú rẹ̀ ń wo ìta ní gbogbo ìgbà, ohun tó bá rí ló ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tó wà nínú ihò náà. Láti 2008, nígbà tí Panasonic gbé Lumix G1 jáde, ni irú rẹ̀ ti ń gbilẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa jẹ́ àròsọ, ẹ jẹ́ ká mú méjì tí orúkọ wọn kò ṣàjèjì. Àkọ́kọ́ ni Canon EOS 1100D, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejì 2011 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Èkejì ni Canon EOS R5, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje 2020 fún àwọn ọ̀gá. 1100D ní mẹ́gápíksẹ́lì 12. R5 ní 45. 1100D ń ya fọ́tò 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. R5 ń ya 12, bí a bá sì lo ọ̀nà tí kì í dún, ó ń ya 20. ISO ti 1100D dé 6400. Ti R5 dé 51,200. Ojúkò 9 péré ni 1100D fi ń wá ohun tó fẹ́ yà. R5 ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀ bí onítọ̀hún bá ń rìn. Pátákó tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú R5 jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. Ti 1100D jẹ́ nǹkan bíi 22 sí 15. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ti R5 fẹ̀ jù ú lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀.

Kò sí ẹni tó lè ka ìyẹn tán kó ní ẹgbẹ́ ni wọ́n. R5 dára jù, ó sì dára jù gidi. Ìbéèrè mi ni pé: ó dára jù fún kí ni? Àti pé, ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ

Nígbà tí R5 jáde, 3,899 dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà, láìsí lẹ́ńsì kankan lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá fi pààrọ̀ ọdún náà sọ ọ́ di owó wa, nǹkan bíi 2,200,000 fáráńkì CFA ni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Benin fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní 2023 jẹ́ 52,000 fáráńkì. Ẹ pín in fúnra yín. Ẹni tó ń gba owó náà yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù 42, ọdún mẹ́ta ààbọ̀ gbáko, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kó tó lè ra kámẹ́rà yẹn. Kò sì tíì ra lẹ́ńsì o.

Ìnáwó kò sì parí síbẹ̀. Fọ́tò RAW kan nínú R5 tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 45. Bí ẹ bá ya 1,000 níbi ìyàwó kan, gígábáìtì 45 nìyẹn, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé kò sì ní lè mí lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́gápíksẹ́lì ńlá á pe kọ̀ǹpútà ńlá, kọ̀ǹpútà ńlá á pe dísìkì ńlá, gbogbo wọn á sì pe iná tó dúró ṣinṣin.

Ọ̀rọ̀ iná ló mú mi rántí bátìrì. Nínú ìdánwò tí àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà jọ ń lò, bátìrì 1100D ń ya nǹkan bíi 700 kó tó kú. Ti R5, bí a bá ń yọjú sínú ihò rẹ̀, nǹkan bíi 320 ni. Tẹlifíṣọ̀n kékeré inú rẹ̀ ló ń jẹ iná. Ẹni tó ń gbé Kútọnu lè fi ìyẹn ṣeré. Ẹni tó ń lọ ya òkú àgbà ní abúlé tí iná kò tíì dé, bátìrì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa kó sápò, owó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ooru náà ńkọ́? Nígbà tí R5 jáde, Canon fúnra rẹ̀ ló sọ pé níbi tí ooru bá jẹ́ ìwọ̀n 23, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni a lè fi gba fídíò 8K kí kámẹ́rà tó gbóná kó dáwọ́ dúró. Ìwọ̀n 23! Òwúrọ̀ kùtùkùtù la ti ń rí ìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ta ló ń ṣe ìyàwó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù? Agogo méjì ọ̀sán ni, lábẹ́ àtíbàbà, ní oṣù kẹta.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí fọ́tò wa ń parí sí. Apá tó pọ̀ jù ń lọ sórí WhatsApp. Bí a bá fi í ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi í ránṣẹ́, WhatsApp á fún un pọ̀ títí yóò fi ku nǹkan bíi mẹ́gápíksẹ́lì 2. Yálà 45 lẹ yà o, yálà 12 ni, 2 ló dé ọwọ́ ìyá ìyàwó. Apá kejì ni èyí tí à ń tẹ̀ sórí bébà. Fọ́tò tí a mọ̀ jù, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, tí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní àmì 300 nínú íńṣì kọ̀ọ̀kan, kò gbà ju mẹ́gápíksẹ́lì 2 àti díẹ̀ lọ. Èyí tí à ń fi sínú férémù sórí ògiri, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ń gba nǹkan bíi 8 ààbọ̀. 1100D ní 12, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Àwọn 33 tó kù tí ẹ jẹ gbèsè lé lórí, ibo ni wọ́n wọlé sí?

ÒRU Ẹ̀FẸ̀ ŃKỌ́?

Mo ti gbọ́ ohùn ẹnì kan: "Olùkọ́, ọ̀sán lò ń sọ. Òru ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní sá fún un. Àwa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, tí eléré ń yí bí òkòtó, tí kò sì yẹ ká máa tan fíláàṣì sí i lójú, R5 á gbé 1100D ṣánlẹ̀. Pátákó rẹ̀ fẹ̀ jù, ó tuntun jù, ìlù nìkan ni ẹ ó gbọ́ nítorí kì í dún, bí ọwọ́ yín bá sì ń gbọ̀n, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un dúró. Mi ò ní purọ́ nítorí pé mo fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé 1100D kò ríran lóru, lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá nínú páálí ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá fà á dé òpin, ihò rẹ̀ kò lè ṣí ju f/5.6 lọ. Lẹ́ńsì 50 f/1.8 sì wà, èyí tí Canon tún gbé jáde ní 2015 ní 125 dọ́là, tí kò tó 80,000 fáráńkì nígbà náà. Ẹ mú bébà. 5.6 tí a fi 1.8 pín jẹ́ 3.1. 3.1 lọ́nà 3.1 jẹ́ 9.6. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú lẹ́ńsì kékeré yẹn wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti lẹ́ńsì inú páálí. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ ni fífẹ̀ pátákó R5 fi kún un ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ríran lóru, èwo ni kó kọ́kọ́ rà nínú méjèèjì?

Mo ti rí ẹni tó gbé kámẹ́rà mílíọ̀nù méjì dúró ní òru, tó fi lẹ́ńsì tó rọjú jù lọ sí i lẹ́nu torí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń tan fíláàṣì gbàrà gbàrà sójú eléré. Fọ́tò rẹ̀ funfun báláú bí ìyẹ̀fun gbágùúdá. Ẹni tó ní kámẹ́rà àtijọ́ àti lẹ́ńsì gidi, tó mọ ibi tí ó yẹ kó dúró sí kí iná lè bá ojú ère, yóò ya ohun tó dára ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí: lẹ́ńsì kì í yára di àtijọ́ bíi kámẹ́rà. Lẹ́ńsì EF tí ẹ rà fún 1100D lónìí, òrùka kan wà tí Canon ń tà tí ẹ lè fi so ó mọ́ R5 lọ́jọ́ tí owó bá dé. Owó lẹ́ńsì kò ṣòfò. Owó kámẹ́rà ló ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

KÍ NI FÁTÚMBÍ NÍ TÍ A Ò NÍ?

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan tí Kétu mọ̀. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1902, wá sí ilẹ̀ wa tòun ti kámẹ́rà Rolleiflex rẹ̀. Ní Kétu ló ti di babaláwo ní 1953, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ Fátúmbí. Fíìmù kan nínú Rolleiflex kò gbà ju fọ́tò 12 lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a wá ojú ènìyàn. Kò lè yẹ fọ́tò wò lójú ẹsẹ̀ kó ní "ẹ jẹ́ ká tún un yà". Síbẹ̀, nǹkan bíi 62,000 nẹ́gátíìfù rẹ̀ ló wà ní ìpamọ́ lónìí ní Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Bùràsíl, nínú ilé àkójọ tó dá sílẹ̀ ní 1988, kó tó kú ní 1996. Bí ọmọ wa bá fẹ́ rí bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe múra, bí wọ́n ṣe jó, bí ọjà wọn ṣe rí ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn, Bùràsíl ló máa kọjú sí. Ohun tí Fátúmbí ní tí ó wọ́n lọ́dọ̀ wa ni ìwé tó ń kọ nǹkan sí àti àpótí tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà náà. J. D. 'Okhai Ojeikere ra kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1950: Brownie D, kámẹ́rà kékeré tí kò tiẹ̀ ní fíláàṣì. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin, kò sì dúró títí ó fi tó nǹkan bíi 1,000. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oríṣiríṣi irun tí wọ́n ń dì ní Nàìjíríà láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ọkùnrin yìí ló ń wò. Kámẹ́rà kékeré ló fi kọ́ṣẹ́, sùúrù ló fi di ọ̀gá.

Ní Ìlá Ọ̀ràngún ńkọ́? Ní 1978, Stephen Sprague kọ ìwádìí kan nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Ìyá wọn á gbé fọ́tò náà sílé ní ipò ère ìbejì. Kò sí ìyá tó béèrè mẹ́gápíksẹ́lì lọ́wọ́ onífọ́tò yẹn. Ó mọ ohun tí obìnrin náà pàdánù, ó sì mọ bó ṣe máa bá a wá a.

OHUN TÓ Ń DÙN MÍ JÙ

Ẹ lọ síbi òkú àgbà èyíkéyìí ní agbègbè wa. Ẹ wo fọ́tò olóògbé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó wà lára ẹ̀wù àwọn ọmọ-ọmọ, èyí tó wà lórí ìwé ètò. Níbo ni wọ́n ti rí i? Lára káàdì ìdánimọ̀ ni. Wọ́n mú ojú tí kò ju èékánná lọ, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ̀ ẹ́, títí ó fi di kùrukùru. Ìyá tó bí ọmọ mẹ́sàn-án, tó ta iṣu lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ̀rín rẹ̀ kún àdúgbò, ojú tí wọ́n máa fi rántí rẹ̀ ni ojú ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ní kó má rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, kámẹ́rà mílíọ̀nù méjì dé. Dúróònù ń fò lókè. Wọ́n ya pósí, wọ́n ya aṣọ ẹbí, wọ́n ya ẹran tí wọ́n pa àti àwọn tó ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ Canon 1100D kan, tàbí Nikon D3100 kan, tí ọmọ ilé náà mú bọ̀ láti ìlú òkèèrè, ti wà nínú àpótí ní yàrá láti ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbi ìloro yìí, kí n yà yín." Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ ìloro tó fún 1100D. Lẹ́ńsì inú páálí pàápàá tó. Ẹni tó máa dìde ni kò sí.

Nígbà tí mo bá gbọ́ pé "kámẹ́rà àtijọ́ ti kú", èyí ló ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbà ń kú láìní fọ́tò nínú ilé tí kámẹ́rà wà, a sì ń jókòó jiyàn lórí mẹ́gápíksẹ́lì.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÓ MÁA TA KÒ MÍ

Ẹnì kan á ní: "Oníbàárà ló ń béèrè kámẹ́rà tuntun, kí ni kí n ṣe?" Mo gbọ́. Tẹ ogún nínú fọ́tò rẹ tó dára jù sórí bébà, kó o kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù, gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá rí ojú ìyàwó tó ń dán lórí bébà kì í sábà rántí béèrè orúkọ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tó ń ṣe ayẹyẹ náà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ gba télọ̀, ṣé orúkọ máṣíìnì rẹ̀ lẹ ń béèrè ni, àbí ẹ ń wo aṣọ tó ti rán?

Ẹlòmíràn á ní: "Canon fúnra rẹ̀ ti pa kámẹ́rà onídígí tì." Lóòótọ́, ní ìparí 2021, ọ̀gá Canon sọ pé EOS-1D X Mark III ni yóò jẹ́ ìkẹyìn nínú àwọn onídígí ńlá wọn. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Mọ́tò mélòó ló ń kó ẹrù láti Ìdígnì wá sí Kétu lónìí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣe irú rẹ̀? Bí àwọn ará Yúróòpù bá ń ju lẹ́ńsì dáadáa sílẹ̀ nítorí pé ayé wọn ti yí, àlòkù á pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọlọgbọ́n ń rà.

Ẹlòmíràn á ní: "Mo ní iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. R5 ní ihò káàdì méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, fọ́tò ìyàwó oníyàwó kò ní sọnù. 1100D ní ọ̀kan ṣoṣo." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí owó bá ti pé lọ́wọ́ rẹ látinú iṣẹ́, lọ rà á, Ọlọ́run á fi ọ́ jẹun. Òfin kan ni mo mọ̀, ó sì rọrùn: kí iṣẹ́ kámẹ́rà àtijọ́ ra kámẹ́rà tuntun. Bí ti àtijọ́ kò bá lè pa owó tí yóò ra tuntun, tuntun kò lè pa owó tí yóò san gbèsè ara rẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onífọ́tò, owó èésú tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ra lẹ́ńsì kan tó ń ṣí dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, dísìkì méjì, kí ohun kan náà wà nínú méjèèjì, kí méjèèjì má sì sùn sínú ilé kan náà. Iná, olè àti ìkán kì í dá ọjọ́.

Ẹ máa tẹ fọ́tò sórí bébà. Kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: orúkọ ẹni náà, ọmọ ilé ta ni, ìlú, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa níbí, kámẹ́rà onídígí àlòkù kan la fi ń ya àwọn ọmọ CM2 lọ́dọọdún, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì ń kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Kò ná wa ju owó bébà lọ. Àwọn òbí tí kò ní fọ́tò ọmọ wọn rí wá ń gbà á lọ́wọ́ wa tayọ̀tayọ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kámẹ́rà ńlá fún òru Ẹ̀fẹ̀, ẹ rà á pọ̀. Onífọ́tò mẹ́jọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 275,000 fáráńkì wá, mílíọ̀nù 2 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 ti pé. Kí ẹ máa gbà á lò ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí ẹni tó bá gbé e lọ síṣẹ́ máa san díẹ̀ sínú àpò fún àtúnṣe. Àwọn bàbá wa ń ṣe àáró lóko, wọn ò sì tìtorí rẹ̀ di òtòṣì. Kí ló dé tí a kò lè ṣe àáró kámẹ́rà?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe onífọ́tò, ẹ̀yin ni mo tiẹ̀ ń bá wí jù. Bàbá wa kan máa ń sọ pé ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ gbé kámẹ́rà àtijọ́ yẹn jáde nínú àpótí. Ẹ fi bátìrì rẹ̀ síná. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú lẹ́ńsì rẹ̀. Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ya àgbà mẹ́wàá ní ilé yín àti ní àdúgbò yín: ní ojú ọjọ́ tó tura, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fẹ́ràn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pátá.

Ẹni tó bá ti ya mẹ́wàá náà tán, tó tẹ̀ wọ́n, tó kó wọn pamọ́, tó bá wá ní òun fẹ́ ra kámẹ́rà mílíọ̀nù méjì, kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé nígbà tó bá fi máa ya ẹni kẹwàá, yóò ti rí i pé kámẹ́rà kọ́ ni ìṣòro òun.

Ó dọwọ́ yín o. Ẹni tó bá ní èsì, kó fi ìṣirò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Èébú kì í ṣe ìṣirò.

Láti Odomèta ni mo ti kí yín. Ire o.